Ọkọ̀ Tí Ọdẹ́jọbí Fi Ìkíni Rà

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi, kí n má baà fi ohùn àgbà pariwo. Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́, kó wú u tán báyìí, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kì í dúró de ẹnikẹ́ni tó bá ti gbéra. Èmi Ògúnwándé ni mò ń bá yín sọ̀rọ̀, èmi tí mo pàdé ẹfọ̀n lójú ọ̀nà tóóró, tí ọ̀kan nínú àwa méjèèjì sì sá. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé èmi ni mo sá, irọ́ ló ń pa.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtàn tèmi ni mo gbé wá lónìí. Bó bá jẹ́ tèmi ni, oorun kò ní kun yín fún oṣù kan. Ìtàn ọ̀gá mi ni, Ọdẹ́jọbí, ẹni tó kọ́ mi ní iṣẹ́ ọdẹ, tó sì fi ẹnu ara rẹ̀ rò ó fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Kí Ọdẹ́jọbí tó gbé ìbọn kọ́ èjìká, awakọ̀ ni. Ọkọ̀ agbégilódò ló wà nígbà èwe rẹ̀, ó ń ru ìtì igi jáde láti inú igbó, lórí ọ̀nà tí ẹlẹ́sẹ̀ lásán ń bẹ̀rù. Ìyàwó rẹ̀ kú sórí ìkúnlẹ̀, ó fi ọmọbìnrin kan ṣoṣo sílẹ̀ fún un. Ìbídùn ni orúkọ ọmọ náà, Àwẹ̀ró ni oríkì rẹ̀. Ọdẹ́jọbí ló wẹ̀ ẹ́, òun ló pọ̀n ọ́n, òun náà ló kọ́ ọ ní ọbẹ̀ sísè, ìdí nìyẹn tí ọbẹ̀ Ìbídùn kò fi dùn títí di òní. Kò fẹ́ ìyàwó mìíràn. Ọmọ yìí ni gbogbo ohun tó ní láyé, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, Ìbídùn bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ṣẹ́gi ní ẹ̀bá igbó. Bí wọ́n ti ń di igi lọ́wọ́ ni ìjì kan dìde láti ilẹ̀, ó ń yí, ó ń kó ewé àti eruku sókè. Gbogbo wọn dojú bolẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbójú sókè, ìdì igi Ìbídùn wà níbẹ̀, òṣùká rẹ̀ wà níbẹ̀, òun kò sí. Ààjà ti gbé e lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ ààjà, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ìjì tó ní ẹ̀mí ni. Ẹni tó bá gbé yóò máa bá a yí nínú igbó, kò ní mọ ilé, kò ní mọ orúkọ ara rẹ̀, ebi kò ní pa á, àánú ara rẹ̀ kò sì ní ṣe é. Ẹni tó bí i nìkan ló lè gbà á. Kó bá ààjà náà níbi tó ti ń yí, kó pe ọmọ rẹ̀ ní oríkì, ọmọ náà yóò sì jáde. Ṣùgbọ́n bí òjò àkọ́rọ̀ bá fi lè rọ̀ kó tó rí i gbà, ààjà yóò gòkè lọ, ojú kò tún ní kan ẹni náà mọ́ láéláé.

Ọdẹ́jọbí fi ẹsẹ̀ lé ààjà náà títí ẹ̀jẹ̀ fi ń jáde láti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ó rí i lọ́ọ̀ọ́kán, ó rí aṣọ Ìbídùn nínú rẹ̀, ó rí ojú ọmọ rẹ̀ tó là sílẹ̀ tí kò dá a mọ̀. Kó tó la ẹnu, ìjì náà ti kọjá òkè kejì. Ó wá yé e pé ẹsẹ̀ èèyàn kò ká ọ̀rọ̀ náà. Arúgbó ọdẹ kan ló sọ fún un pé inú Igbó Àìdúró ni ìlú àwọn iwin kan wà, tí wọ́n ń ta ọkọ̀ asáré, ọkọ̀ tó lè bá ìjì dọ́gba, wọn kì í sì í gba owó. Ojú ọ̀run ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀ nígbà náà. Ọdẹ́jọbí kò padà délé kó tó lọ.

Iwin kan jókòó lẹ́nu igbó náà, ojú kan níwájú, ojú kan nípàkọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì dí ojú ọ̀nà. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ kọjá gbọ́dọ̀ já àlọ́ òun. Ọdẹ́jọbí wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó rí i pé àwọn igi tó wà níbẹ̀ dé fìlà. Àwọn mìíràn wé gèlè. Àyà rẹ̀ já, nítorí ó mọ̀ pé àwọn tí kò rí àlọ́ náà já ló di igi.

Iwin náà ní, “Ẹni tó ń lé e kì í bá a. Ẹni tó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ ló ń wá bá. Kí ni?”

Ọdẹ́jọbí rò ó títí, orí rẹ̀ ṣófo, ó sì gbọ́ tí èèpo igi ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nítòsí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti yán, ó yán débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀, ìdáhùn sì bá a lẹ́nu.

Ó ní, “Oorun ni. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ọmọ mi lọ ni mo ti ń lé e.”

Iwin náà fi ojú iwájú wò ó, ó yí orí, ó fi ojú ìpàkọ́ wò ó. Ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lọ́nà.

Sáré-Má-Wẹ̀yìn ni wọ́n ń pe ìlú náà. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti rí ìlú púpọ̀, ṣùgbọ́n n kò tíì rí irú èyí. Kò sí ẹni tó dúró níbẹ̀. Ìyá ń sáré, ó ń fún ọmọ lọ́mú. Onígbàjámọ̀ ń sáré tẹ̀lé ẹni tó ń fá lórí, ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣàn létí oníbàárà. Ọdẹ́jọbí, ọmọ ilé tó ní ẹ̀kọ́, ń kí gbogbo ẹni tó bá pàdé. Ó ní ẹ kú ìrìn, wọ́n kọjá. Ó ní ẹ kú iṣẹ́, wọ́n kọjá. Iwin kan nìkan ló bojú wò ó, ìyẹn náà béèrè pé àìsàn wo ló ń ṣe é lẹ́nu.

Ẹni tó ń ta ọkọ̀ ni Ẹlẹ́sẹ̀-Òbírí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ rí roboto bí táyà, kò lè dúró lójú kan, ó ń yí síwájú, ó ń yí sẹ́yìn. Ọkọ̀ kún ilẹ̀ rẹ̀ lọ rẹpẹtẹ. Èyí tó ń dán bí wúrà wà níbẹ̀, iwin náà ní ẹni tó bá fẹ́ ẹ yóò fi gbogbo ìran rẹ̀ san án, tàwọn tí a kò tíì bí náà. Ó wo Ọdẹ́jọbí láti òkè délẹ̀, ó ní mẹ́ta péré ni agbára rẹ̀ ká, kó yan ọ̀kan kó máa lọ. Ọdẹ́jọbí ní òun máa gun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò ná. Iwin náà rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí ẹni tó tíì béèrè irú ìyẹn rí, ojú ni gbogbo ènìyàn fi ń yan ọkọ̀.

“Ẹ má bínú,” ni Ọdẹ́jọbí wí. “Èmi kì í fi ojú ra ọkọ̀. Ìdí ni mo fi ń rà á. Tí mo bá ti jókòó sínú rẹ̀, yóò sọ ara rẹ̀ fún mi.”

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dán ọkọ̀ wò gba òkè kan kọjá, òkè tó ń ga sí i bí èèyàn ti ń gùn ún. Tí a bá ti sọ̀ kalẹ̀, ó kan àwọn kọ́nà tó lọ́ mọ́ra wọn bí ìfun ẹran. Ibi tí kọ́nà parí sí, ọ̀gbun ló wà níbẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀-Òbírí ní kó padà kó tó dé ọ̀gbun náà, bó bá lè padà.

Ọkọ̀ pupa ló kọ́kọ́ gùn. Gbéni-Fò ni orúkọ rẹ̀. Ó gùn, ó sún mọ́ ilẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ń ṣí sókè bí apá ẹyẹ. Ìdajì ọjọ́ tó kù fún Ọdẹ́jọbí láyé ni iye rẹ̀. Ó kàn fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ tẹ iná ni, òkè ti kọjá. Ó sọ fún mi pé ojú òun ti dé ọ̀hún kí ìpàkọ́ òun tó gbéra. Inú rẹ̀ dùn, kí n má purọ́. Àgbà tó ti wa agbégilódò kò ní gun irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kó má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Ní kọ́nà àkọ́kọ́, ìdí ọkọ̀ náà já síta, ó fẹ́ ṣíwájú orí. Ó yí sítíárín, ọkọ̀ kò gbọ́. Ó tẹ bíréèkì, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pátápátá, ọkọ̀ náà sì ń lọ bí ẹni tí a kò bá sọ̀rọ̀. Nígbà tó dúró, táyà iwájú méjèèjì ti wà lórí òfúrufú. Òkúta kan ré bọ́ sínú ọ̀gbun, Ọdẹ́jọbí tẹ́tí kó gbọ́ ìró rẹ̀ nísàlẹ̀. Kò gbọ́ ọ. Ó gbé jíà sẹ́yìn, ó rọra padà, òógùn sì ti bo gbogbo ara rẹ̀.

Àrá sán lókè réré nígbà tó sọ̀ kalẹ̀. Kò sinmi.

Ọkọ̀ dúdú ló kàn, èyí tí wọ́n ń pè ní Òjìji. Kò ní ariwo rárá. Iye rẹ̀ ni pé Ọdẹ́jọbí yóò gbàgbé ojú ìyàwó rẹ̀ tó kú. Ìyẹn dùn ún kó tó wọlé, ṣùgbọ́n ó rò ó pé ẹni tó kú ti kú, ọmọ tó wà láàyè ni kí òun gbà. Ọkọ̀ yìí gun òkè láìmí, ó gba kọ́nà láìyẹsẹ̀, bíréèkì rẹ̀ sì mú níbi tí a bá ti fẹ́. Ọdẹ́jọbí ti ń dúpẹ́ nínú ara rẹ̀, ó na ọwọ́ ọ̀tún kó fọwọ́ ba ibi tí Ìbídùn yóò jókòó sí. Ọwọ́ rẹ̀ kan irin. Ìjókòó kan ṣoṣo ló wà nínú gbogbo ọkọ̀ náà. Ó béèrè ibi tí ọmọ òun yóò wà. Ẹlẹ́sẹ̀-Òbírí ní ẹni tó fẹ́ sáré dé ibi gíga, òun nìkan ló ń lọ. Ọdẹ́jọbí bọ́ sílẹ̀, kò bojú wẹ̀yìn mọ́.

Ẹ̀kẹta ni ọkọ̀ aláwọ̀ eérú kan tí ọ̀dà ti bó lára rẹ̀. Wáyà ni wọ́n fi so ilẹ̀kùn ọ̀tún. Jókòó-Tì-Mí ni orúkọ rẹ̀, nítorí ó ní ìjókòó méjì. Nígbà tó ṣáná sí i, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wúkọ́ títí bí arúgbó tí a jí lójijì. Lórí òkè, ìtìjú ló jẹ́. Iwin kan tó ru igbá lórí fi ẹsẹ̀ rìn kọjá lára rẹ̀, ó tún dúró dè é lókè kó lè fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó ti sọ̀ kalẹ̀ dé kọ́nà, ọkọ̀ náà yípadà sí nǹkan mìíràn. Ó di ilẹ̀ mú. Bí Ọdẹ́jọbí ti ń ronú ọ̀tún, ọ̀tún ni ó ń lọ. Ó lọ́, ó tún lọ́, táyà rẹ̀ kò ké, ìdí rẹ̀ kò yẹ̀. Ó tẹ bíréèkì nígbà tí ọ̀gbun ṣì jìnnà, ọkọ̀ náà sì dúró.

Ó dúró níwájú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, afẹ́fẹ́ òjò sì ti ń fẹ́ sí i lójú. Ẹ̀yin ì bá mú pupa, mo mọ̀ yín. Èmi náà ì bá mú pupa, àwọn ìyàwó mi ì bá sì ti di opó. Ohun tí Ọdẹ́jọbí sọ fún ara rẹ̀ ni pé ààjà kì í sáré tààrà, yíyí ló ń yí. Ẹni tó bá fẹ́ bá a, kọ́nà ló máa gbà títí, kò sí òkè níbẹ̀, kò sí títì gbọọrọ. Ó nawọ́ sí aláwọ̀ eérú, ó béèrè iye rẹ̀.

“Ìkíni rẹ,” ni iwin náà wí. “Gbogbo kíkí tó wà nínú rẹ. Kò tún sí nǹkan mìíràn.”

Ọdẹ́jọbí fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Kí ni ẹ káàárọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ? Bí òun kò bá kí ará àdúgbò mọ́, wọn yóò bínú, wọn yóò sì sinmi. Ó ní òun gbà. Ẹlẹ́sẹ̀-Òbírí gbé igbá kan sábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, ó ní kó la ẹnu. Ìkíni bẹ̀rẹ̀ sí í dà jáde: ẹ káàárọ̀, ẹ káàsán, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìdúró, ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ kú ọwọ́ lómi, ẹ kú ara fẹ́ra kù, àrẹ̀dú fún aláró, ojú gbooro fún onídìrí, arìnpa fún àwa ọdẹ. Ó ń dà, igbá kò kún. Nígbà tó rò pé ó tán, nǹkan kan tó wúwo já kúrò láyà rẹ̀, ó bọ́ sínú igbá, igbá sì kún lẹ́ẹ̀kan náà. Kò mọ ohun tó jẹ́. Ó rí i pé inú iwin náà dùn jù, ṣùgbọ́n àrá tún sán, kò dúró béèrè.

Pápá ilẹ̀ pupa kan ló ti rí ààjà náà. Eruku rẹ̀ ga dé ojú ọ̀run, ìkùukùu dúdú sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu kàn án lórí. Ọdẹ́jọbí tú wáyà ilẹ̀kùn ọ̀tún, ó jẹ́ kó máa gbá, ó sì wọ inú ìjì. Kò dojú kọ ọ́ o. Ọ̀nà tí ó ń yí sí ni òun náà yí sí. Eruku bo ojú dígí, ẹ̀ka igi ń já lu òrùlé, sítíárín ń jà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹja àrọ̀. Ó yí, ó yí, ó ń sún mọ́ àárín díẹ̀díẹ̀. Gbéni-Fò ì bá ti jù ú síta. Aláwọ̀ eérú di ilẹ̀ mú, ó ń wúkọ́, kò yẹsẹ̀.

Ó wá rí Ìbídùn. Ó ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, kò ju ọwọ́ nínà lọ, irun rẹ̀ tú, ojú rẹ̀ là, kò sì rí nǹkan kan. Ọdẹ́jọbí pe orúkọ rẹ̀. Kò yíjú, nítorí ẹni tí ààjà gbé kò mọ orúkọ. Ó la ẹnu kó pè é ní oríkì. Afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Ó tún là á, ètè rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà, ohùn kò tẹ̀lé e. Oríkì ọmọ rẹ̀, tó ń fi jí i láràárọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n bí i, kò sí nínú rẹ̀ mọ́.

Ibẹ̀ ló ti mọ ohun tó tà. A ń kí ará àdúgbò, a sì ń kí ọmọ. Ẹnu kan náà ni, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ó rò pé ẹ káàárọ̀ ni òun ń tà, ó ti ta Àwẹ̀ró mọ́ ọn. Ọdẹ́jọbí sọ fún mi pé òun sunkún nínú ọkọ̀ náà, ọwọ́ òun kò sì lè fi sítíárín sílẹ̀ láti nu ojú. Ẹ̀kán òjò kan bọ́ lu dígí iwájú. Òmíràn tẹ̀lé e. Ẹsẹ̀ Ìbídùn ti ń kúrò nílẹ̀.

Ẹ̀rù tó bà á nígbà náà yí padà di ìbínú. Ó bínú sí iwin, ó bínú sí ara rẹ̀, ẹ̀kán òjò nìkan sì ni ojú rẹ̀ rí. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kò rò ó tẹ́lẹ̀.

“Ìbídùn! Ta lo sá aṣọ sílẹ̀ fún? Òjò ti ń kán, o dúró síbẹ̀, o ń pòòyì bí ewúrẹ́ tí a so mọ́gi. Aṣọ mi funfun ńkọ́? Ṣé èmi ni kí n lọ ká a ni? Irú ọmọ wo lo jẹ́ ná?”

Ìbídùn ṣẹ́jú. Gbogbo ara rẹ̀ ta kìjí.

Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, mo gbàgbé ni. Mò ń bọ̀.”

Ó fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀, ó sáré bí ẹni tó ń lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ilẹ̀kùn ọ̀tún gbá sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sì ṣubú sórí ìjókòó. Ọdẹ́jọbí fi ọwọ́ kan dì í mú, ó fi ọwọ́ kejì já sítíárín síta. Bí ọkọ̀ ti jáde ni òjò àkọ́rọ̀ ya sílẹ̀. Ààjà gòkè lọ lẹ́yìn wọn, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo.

Ọkọ̀ náà gbé wọn dé ẹnu ọ̀nà ilé. Bí wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀, ó yí padà fúnra rẹ̀, ó lọ láìdágbére. Gbogbo ìlú tú jáde, wọ́n ń kí Ọdẹ́jọbí kú ewu, wọ́n ń kí i kú oríire. Ó wò wọ́n, kò lè kí wọn padà. Àwọn kan ní ìgbéraga ni. Àwọn kan ní iwin ló padà wá. Ó pẹ́ kí ó tó yé wọn, ó sì dùn ún gidigidi, nítorí kò sí ẹni tó fẹ́ràn èèyàn tó o ní gbogbo ìlú wa.

Ọdún ń gorí ọdún, ọjọ́ tí Ìbídùn ń lọ sílé ọkọ pé. Mo wà níbẹ̀, èmi ni mo ru àpótí rẹ̀. Wọ́n mú un wá síwájú bàbá rẹ̀, ó kúnlẹ̀, wọ́n ní kí bàbá kí ọmọ rẹ̀ ní oríkì kó tó jáde. Ọdẹ́jọbí dìde. Ètè rẹ̀ ń mì, kò sí ohùn. Àwọn ará ilé ọkọ ń wo ara wọn. Ìyá ọkọ béèrè lábẹ́ ohùn pé ṣé bàbá yìí kò fẹ́ fún àwọn lọ́mọ ni, nítorí ọmọ tí bàbá kò kí kì í ṣe ọmọ tí a fi inú dídùn fà lé wọn lọ́wọ́. Èmi náà bá gbé àpótí sọ̀.

Ọdẹ́jọbí wá sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ìbídùn, olóríkunkun ni ọ́. Ọbẹ̀ rẹ kì í níyọ̀. O máa ń sùn, o máa ń gbàgbé ilẹ̀kùn ní ṣíṣí. O máa ń fi oúnjẹ tó o yẹ kó o jẹ sílẹ̀ dè mí, o rò pé mi ò mọ̀. Má ṣe bẹ́ẹ̀ níbi tí ò ń lọ. Jẹun. Tí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kàn ọ́ níbẹ̀, tí o bá dákẹ́ tí o kò wá sọ fún mi, èmi pẹ̀lú rẹ ni. Dìde, máa lọ. Kí lo ṣì ń kúnlẹ̀ síbẹ̀ fún?”

Omi ń dà lójú rẹ̀ bó ti ń bá a wí. Ìbídùn kò dìde. Ó fi orí kan ilẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀.

Ó ní, “Ẹ ti kí mi, bàbá. Mo gbọ́.”

Mo ti sọ̀ kalẹ̀ nìyẹn o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ dìde ńlẹ̀ ilé mi. Ṣùgbọ́n kí ẹ kí mi kí ẹ tó máa lọ.